Bẹ́ẹ ṣe máa gba àyẹ̀wò ọpọlọ tó péye: láti orí káàdì títí dé orí ripọ́ọ̀tù

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti dáhùn ìbéèrè lórí fóònù tí fóònù sì ti ní ADHD (ìyẹn kí ọkàn má lè dúró sójú kan, kára má sì lè dúró jẹ́ẹ́) ló ń ṣe yín, tàbí pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ẹ̀yin tí tíṣà ti pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ọmọ yín kì í wojú èèyàn kì í sì í bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó kù tẹ́ẹ fẹ́ mọ̀ ni pé ibo lèèyàn ń gbà, ta ló lẹ́nu láti sọ pé ohun tó ń ṣe yín gan-an rèé kí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́ sì gbà á gbọ́, kí sì lẹ máa kó dání lọ. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tó wà níta, àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ fún ará Amẹ́ríkà, wọ́n á ní kẹ́ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ọ̀ránsì yín, ẹni tó ń gbé Ìyànà Ìpájà á wá máa wo fóònù ẹ̀ pé ìnṣọ́ọ̀ránsì wo. Ti ilé wa níbí la fẹ́ sọ, màá fi díẹ̀ kún un fáwọn tó wà lókè òkun.

Tọ́rọ̀ bá ti di kíákíá

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí kúrò lọ́nà ná. Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ gbẹ̀mí ara òun, ẹni tí ò sùn láti bí ọjọ́ mélòó kan tó ń bá ẹni tá ò rí sọ̀rọ̀, ẹni tó ti kọ oúnjẹ kọ omi, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó wá ń sọ kántankàntan tàbí tó ń ní ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ òun, èyí táwọn àgbà ń pè ní abísínwín, gbogbo ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ripọ́ọ̀tù mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ẹmájẹ́ńsì ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù lójú ẹsẹ̀, ẹ lè pe 112, ẹ kó oògùn àti ọ̀bẹ àti oògùn apakòkòrò kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ̀ lè tó, kẹ́ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Tára bá ti balẹ̀, àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ á tẹ̀lé e.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí lẹ fẹ́ fi ìwé yẹn ṣe?

Ibí làwọn èèyàn máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe àyẹ̀wò kan náà ni gbogbo èèyàn nílò. Ẹni tó fẹ́ ìtọ́jú, tó kàn fẹ́ máa rí oorun sùn kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́, dókítà ọpọlọ ló ń wá, ohun tí wọ́n bá rí á wà nínú fáìlì ọsibítù, wọ́n lè má fún un níwèé kankan àfi tó bá bèèrè, kò sì sí wàhálà níbẹ̀ torí ìtọ́jú ló bá wá. Ẹni tó fẹ́ kọ GRE, ìdánwò tí wọ́n fi ń wá àyè master's lókè òkun, tó fẹ́ kí wọ́n fi àkókò kún tòun, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, àwọn yẹn fẹ́ rí ripọ́ọ̀tù tó ní máàkì tẹ́ẹ̀sì nínú, tí wọ́n ṣe láìpẹ́, tó ṣàlàyé bí ohun tó ń ṣe é ṣe ń dí i lọ́wọ́ nígbà tó bá jókòó síwájú ìdánwò. Lẹ́tà olójú ewé kan tó kàn sọ pé aláìsàn wa ni lágbájá ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ṣètò fún ọmọ òun, ẹ̀ka tó ń rí sí àwọn ọmọdé ni kó lọ. Tó bá sì jẹ́ ibi iṣẹ́, lẹ́tà kékeré tó sọ ohun tẹ́ẹ nílò lè tó, orúkọ àìsàn yẹn lè má wọ inú ẹ̀ rárá.

Tẹ́lọ̀ á bèèrè ibi tẹ́ẹ fẹ́ wọ aṣọ lọ kó tó gé e, àwọn dókítà kì í sábà bèèrè, ẹ̀yin lẹ máa sọ. Nítorí náà kẹ́ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ gbólóhùn kan sórí ìwé, "mo fẹ́ ìwé yìí fún báyìí báyìí", kẹ́ẹ wá lọ wo ojú ìkànnì àwọn tó máa gbà á, ẹ wo ohun tí wọ́n ní kó wà nínú ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú un dání. Àwọn kan máa ń náwó nára tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ripọ́ọ̀tù tí wọ́n gbà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló lè ṣe é

Dókítà ọpọlọ, ìyẹn psychiatrist, dókítà gidi ni, ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn tán kó tó wá lọ kọ́ ti ọpọlọ lé e lórí. Ó lè sọ orúkọ àìsàn, ó lè kọ oògùn, ó lè ní kí wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀ yín. Clinical psychologist ò kọ oògùn ní tiẹ̀, psychology ló kà, ó tún kà á dé orí master's ó kéré tán, ó sì ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nínú ọsibítù, òun ló ń ṣe àwọn tẹ́ẹ̀sì tó gùn yẹn, òun náà ló ń ṣe ìtọ́jú alọ́rọ̀-ẹnu. Ní ọsibítù ńlá, àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ọ̀kan á ní kẹ́ẹ lọ rí èkejì.

Counsellor ilé ẹ̀kọ́, pásítọ̀ tó ń gba àwọn lọ́kọláya nímọ̀ràn, ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí Zoom tó wá ń pe ara ẹ̀ ní coach, wọ́n lè wúlò o, mi ò bú wọn, àmọ́ ìwé wọn ò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé àyẹ̀wò. Gbogbo dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn dókítà, kó sì máa sọ láísẹ́ǹsì ẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún. Tó bá jẹ́ psychologist, ẹ bi í pé ọsibítù wo lẹ ti kọ́ṣẹ́, ṣé ẹ wà nínú Nigerian Association of Clinical Psychologists. Ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀ ò ní bínú sí irú ìbéèrè yẹn, ẹni tó bá bínú ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibo lẹ máa lọ

Yaba, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Ékòó, lórúkọ tó kọ́kọ́ ń sọ sí gbogbo èèyàn lọ́kàn, ọdún 1907 ló ti wà, orúkọ "Yaba Left" tí wọ́n fi ń bú ara wọn ládùúgbò sì ti jẹ́ kó le fún ọ̀pọ̀ láti dé ẹnu géètì ibẹ̀. Wọ́n ní ibùdó fún àwọn ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Ní Abẹ́òkúta, ọsibítù ọpọlọ Àró wà níbẹ̀, ọdún 1954 ni wọ́n ṣí i, dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra ẹ̀, ló sì jẹ́ kó lókìkí káyé, torí òun ló ní káwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, pẹ̀lú ẹbí tó bá wọn wá, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójoojúmọ́ dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Èèyàn tó bá ń sọ pé ìtọ́jú ọpọlọ kì í ṣe tiwa, ẹ ní kó lọ bèèrè ìtàn Àró.

Tójú bá ń tì yín láti wọ ọsibítù tó jẹ́ pé ti ọpọlọ nìkan ni, kò pọn dandan. UCH n'Ìbàdàn, ọsibítù OAU n'Ífẹ̀, LUTH àti LASUTH l'Ékòó, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ. Géètì kan náà lẹ̀ẹ́ bá ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn àti aláboyún wọlé, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tẹ́ẹ ń lọ.

Ẹ pè wọ́n tàbí kẹ́ẹ rán ẹnì kan lọ bèèrè kẹ́ẹ tó lọ. Àwọn kan máa ń fẹ́ lẹ́tà látọ̀dọ̀ dókítà míì, tí wọ́n á ní kẹ́ẹ kọ́kọ́ gba GOPD, ibi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ wo gbogbo aláìsàn, kọjá, àwọn míì á gbà yín tààrà. Klíníìkì kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tiẹ̀, ẹni tó bá wá lọ́jọ́ Tuesday fún klíníìkì ọjọ́ Thursday á kàn padà sílé ni. Tó bá jẹ́ ti àdáni, ó yá jù, ó sì wọ́n jù, kẹ́ẹ bèèrè owó ẹ̀ pátá kẹ́ẹ tó jókòó: ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́tọ̀, ti tẹ́ẹ̀sì lọ́tọ̀, ti kíkọ ripọ́ọ̀tù lọ́tọ̀, torí àwọn kan á sọ ti àkọ́kọ́ fún yín kí wọ́n tó gbé ìyókù jáde. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní HMO, ìyẹn ìnṣọ́ọ̀ránsì ìlera, ẹ gba kóòdù àṣẹ ìtọ́jú yín kẹ́ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì bi wọ́n bóyá tẹ́ẹ̀sì psychology wà nínú ohun tí wọ́n máa san, ẹ má fọkàn sí i pé ó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìmúra

Tẹ́ ò bá ka ibòmíì, ẹ ka ibí. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí wọ́n máa fi wo orí yín tó máa tẹ "ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn" tàbí "autism", ìyẹn ohun tó ń mú kó ṣòro féèyàn láti bá àwọn ẹlòmíì ṣe, jáde, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gbà tó máa sọ ọ́. Ìtàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ìtàn tẹ́ẹ sọ, èyí tí ẹlòmíì sọ nípa yín, àti ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí. Tí ìtàn yín bá kúrú tó sì jágbajàgba, ohun tí wọ́n máa rí kọ náà á kúrú.

Ẹ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan kẹ́ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé nígbà yẹn, ṣé ó máa ń lọ tó tún ń padà wá, báwo loorun ṣe rí, oúnjẹ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tẹ́ ò lè ṣe mọ́. Ẹ fi àpẹẹrẹ sí i. "Mi ò lè fọkàn sí nǹkan" ò sọ nǹkan púpọ̀ fún dókítà, àmọ́ "mo gbé ìkòkò ka iná mo lọ gbálẹ̀, èéfín ni mo fi mọ̀ pé mo ń sebẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lóṣù yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ", ìyẹn ló máa jẹ́ kó gbé bírò.

Kẹ́ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe yín lára, lédè yín. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni nǹkan ń rìn nínú orí yín bí èèrà, tí àtàrí ń gbóná, tí etí ń hó, tí àyà ń já, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dẹ orí táwọn òbí wa ń sọ, àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti wà nínú ìwé ìwádìí ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má lọ tú u sí "depression" fúnra yín kẹ́ẹ tó débẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn ṣe iṣẹ́ wọn. Tí dókítà ò bá gbọ́ Yorùbá tẹ́ẹ sì fẹ́ sọ Yorùbá, ẹ bèèrè ẹlòmíì tàbí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀, kò sí ìyá tó máa lè la ẹnu sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ níwájú ọmọ ẹ̀.

Ẹ wá ẹnì kan tó mọ̀ yín láti kékeré. Fún ADHD, ìlànà tí àwọn dókítà ń lò sọ pé àwọn àmì kan gbọ́dọ̀ ti hàn kẹ́ẹ tó pé ọmọ ọdún 12, wọ́n sì gbọ́dọ̀ hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ilé ẹ̀kọ́, ẹni ọgbọ̀n ọdún tó bá dá wá lóun nìkan ò lè jẹ́rìí ara ẹ̀ tán. Ìyá yín, ẹ̀gbọ́n yín, àǹtí tẹ́ẹ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tẹ́ẹ wà ní pírámárì, ẹnikẹ́ni nínú wọn, tí ò bá lè wá kẹ́ẹ gba àyè pé kí wọ́n pè é lórí fóònù. Ẹ tún wá káàdì ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ jáde, ẹ mọ ibi tí tíṣà máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí nísàlẹ̀ yẹn, "ọmọ yìí lọ́pọlọ àmọ́ eré ti pọ̀ jù", "kò lè jókòó sójú kan", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lù yín nígbà yẹn, ẹ̀rí gidi ló jẹ́ lónìí.

Tó bá jẹ́ ọmọ lẹ fẹ́ gbé lọ, wọ́n máa bèèrè láti inú oyún. Ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀ tẹ́ẹ bí i, ṣé ojú ẹ̀ pọ́n yẹ́lò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣé gìrì ti gbé e rí, ìgbà wo ló jókòó, ìgbà wo ló rìn, ọ̀rọ̀ wo ló kọ́kọ́ sọ, ṣé ó ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó wá dákẹ́. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré, níbi tó ti ń bínú, níbi tẹ́ẹ ti ń pè é tí kò dáhùn, torí ọmọ tó máa ń sáré yí pálọ̀ ká nílé lè jókòó bí àgbà níwájú dókítà. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ tíṣà ẹ̀. Ọmọ tí ò bá tíì sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò etí ẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ tó, wọ́n ti pe ọmọ tí ò gbọ́ràn lórúkọ burúkú rí. Fọ́ọ̀mù M-CHAT, tó ń wá àmì autism, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní ìbéèrè 20 fún ọmọ oṣù 16 sí 30, ẹ lè ṣe é, àmọ́ ohun tó ń sọ ò ju pé kẹ́ẹ lọ rí dókítà tàbí kẹ́ẹ má tíì lọ.

Ó ku oògùn. Ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù kan, páálí rẹ̀, sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìgò àgbo náà, ẹ mú un lọ. Ẹ sọ ti ọtí, ẹ sọ ti igbó, ẹ sọ ti tramadol, kì í ṣe ọlọ́pàá lẹ bá sọ̀rọ̀.

Ìtàn ìdílé ló máa ń le jù láti rí gbà. Torí pé wọ́n máa ń ṣèwádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, wárápá àti wèrè kì í sí nínú ìdílé ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá, ẹ bi bàbá yín, á ní láéláé. Ẹ lọ bá àǹtí àgbà kan lápá ìyá àti ọ̀kan lápá bàbá, ní kọ̀rọ̀, ẹ béèrè pé ta ló máa ń dákẹ́ sínú yàrá fún oṣù mélòó, ta ni wọ́n gbé lọ sí ìlú míì fún ìtọ́jú, ta ló kú tí wọn ò fẹ́ sọ ohun tó pa á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ náà gan-an

Ẹ tètè dé, ẹ jẹun kẹ́ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú omi. Ẹ̀ẹ́ ra káàdì, wọ́n á la fáìlì fún yín, ẹ̀ẹ́ sanwó ní ibòmíì, ẹ̀ẹ́ mú rìsíìtì padà, nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá yín, ẹ̀ẹ́ wá jókòó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dókítà kékeré ló máa kọ́kọ́ gba gbogbo ìtàn sílẹ̀, kí ọ̀gá tó wá bi yín ní díẹ̀ nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí inú má bí yín pé ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àwọn ìbéèrè kan á ya yín lẹ́nu. Ọjọ́ wo la wà lónìí, ẹ yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ sì máa yọ méje lọ bẹ́ẹ̀, ẹ túmọ̀ òwe kan. Òwe yẹn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ bóyá ẹ gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ bóyá ọkàn yín ṣì ń kúrò lórí ohun tó hàn sójú lọ sórí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n á bèèrè bóyá ẹ máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Ẹ má gba ìyẹn sí èébú, gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bi. Ẹ̀yin tẹ́ẹ jẹ́ aládùúrà tẹ́ẹ máa ń ríran, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, kẹ́ẹ tún sọ ohun táwọn ará ìjọ yín rò nípa ẹ̀, dókítà tó mọṣẹ́ máa wò ó bóyá ohun tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn yín ni tàbí ohun tó ti ń ba àwọn náà lẹ́rù. Tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ti rò ó rí pé kẹ́ẹ kú, ẹ dáhùn òótọ́.

Ohun kan wà táwọn èèyàn máa ń fi sílẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tí ìbànújẹ́ gbé wá sọ́sibítù, ìbànújẹ́ nìkan ló máa sọ, kò ní rántí ìgbà kan lọ́dún tó kọjá tí kì í sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ fáú fáú, tó ń ná owó tí ò ní, tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí lójú ẹ̀ ìgbà ayọ̀ nìyẹn. Ẹ sọ ọ́! Òun ni wọ́n fi ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lásán yàtọ̀ sí bipolar, ìyẹn àìsàn tó ń gbé ọkàn sókè gan-an nígbà kan tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà míì, oògùn wọn ò sì rí bákan náà, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè gbé ẹni tó ní bipolar sókè sódì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fẹ́ bá ẹni tó bá yín wá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lábù àti tẹ́ẹ̀sì

Wọ́n lè ní kẹ́ẹ lọ gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ ṣe é, ẹ má sọ pé orí ló ń dùn yín kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, tí ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa lè mú kí àyà máa lù kì kì kì kára máa rù, tàbí kó mú kí gbogbo ara rọ kó dà bí ìrẹ̀wẹ̀sì. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, HIV, syphilis, gbogbo wọn lè bá ọpọlọ jà. Tó bá ti ní gìrì tàbí dídákú nínú, wọ́n lè ní kẹ́ẹ ṣe EEG, àyẹ̀wò iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, wọ́n á lẹ okùn kéékèèké mọ́ orí yín, kì í dùn.

Tẹ́ẹ̀sì lókan-ò-jọ̀kan wà. PHQ-9 jẹ́ ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, máàkì ẹ̀ ń lọ láti 0 dé 27, tó bá ti tó 10 wọ́n á wò ó dáadáa, àmọ́ òun nìkan ò tó fi sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Ìlànà DSM-5, ìwé táwọn dókítà fi ń mọ àìsàn ọpọlọ, ní ó kéré tán àmì márùn-ún nínú mẹ́sàn-án, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìbànújẹ́ tàbí pé nǹkan tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́. Fún ADHD, ọmọdé gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà, ẹni tó ti pé ọdún 17 sókè márùn-ún. Èyí tó gùn jù ni ti làákàyè, WISC fún ọmọ ọdún 6 sí 16, WAIS fún àgbà, ó lè gbà tó wákàtí kan sí méjì, 100 ni wọ́n fi ṣe àárín. Fún autism, ADOS wà, wọ́n á bá ọmọ ṣeré, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á máa wò ó, ọmọ náà lè má tiẹ̀ mọ̀ pé ìdánwò ni.

Òótọ́ kan rèé: ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹ́ẹ̀sì yìí. Ọmọ Ṣakí tó ń sọ Yorùbá nílé, tẹ́ẹ wá bi lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa nǹkan tí ò rí rí, lè gba máàkì tó kéré sí ọpọlọ ẹ̀. Psychologist tó dáa máa kọ ọ́ sínú ripọ́ọ̀tù pé kí wọ́n fi ìṣọ́ra ka máàkì yìí, á sì tún wo bí ọmọ ṣe ń ṣe nílé, ṣé ó lè rajà kó gba ṣénjì, ṣé ó lè wọṣọ fúnra ẹ̀. Ẹ bi í. Nílé, ẹ má lọ wá ìdáhùn tẹ́ẹ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin lẹ̀ ń ba ìwé ara yín jẹ́. Ẹ sùn dáadáa, ẹ mú jígí ojú yín, kẹ́ẹ sì sọ oògùn tẹ́ẹ lò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: àbájáde

Kò dájú pé wọ́n á sọ orúkọ ohun tó ń ṣe yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n lè kọ "provisional" síwájú ẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ń rò báyìí nìyẹn, ó lè yí padà tí wọ́n bá rí yín sí i. Dókítà tó sọ pé òun ṣì ń wò ó, mo fọkàn tán an ju ẹni tó fún yín lórúkọ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tí wọ́n bá pè yín láti ṣàlàyé, ẹ béèrè: kí lẹ rí tẹ́ẹ fi sọ pé òun ni, kí lẹ tún rò tẹ́ẹ wá yọ kúrò, kí ló kàn. Tí wọ́n bá ní kì í ṣe ohun tẹ́ẹ rò, ẹ má dìde bínú, ẹ bi wọ́n pé kí ló wá fa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi. Àìsùn oorun lọ́dún púpọ̀, ọ̀fọ̀ tẹ́ ò tíì ṣe tán, ìfìyàjẹni láti kékeré, gbogbo ìyẹn lè mú kọ́kàn èèyàn máa fò kiri bí ẹni tó ní ADHD.

Ripọ́ọ̀tù tó péye gbọ́dọ̀ ní orúkọ yín bó ṣe wà lórí páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí, àwọn ọjọ́ tí wọ́n rí yín, ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣe àti máàkì ẹ̀, ìlànà tí wọ́n tẹ̀lé, bóyá ICD-11 ti àjọ ìlera àgbáyé tàbí DSM-5-TR, ohun tí wọ́n yọ kúrò, orúkọ àìsàn, ìmọ̀ràn, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀, ìbuwọ́lùwé àti sítáǹpù. Ibi ìmọ̀ràn lẹ máa wò jù, "kí wọ́n ràn án lọ́wọ́" ò tó, ó yẹ kó sọ pé kó jókòó síwájú, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú báyìí báyìí kún àkókò ìdánwò ẹ̀, kí tíṣà kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ fún un. Ẹ kà á níbẹ̀ kẹ́ẹ tó jáde, àṣìkọ orúkọ wọ́pọ̀ gan-an. Ẹ ní kí wọ́n kọ èyí tó kúrú lọ́tọ̀ fún ibi iṣẹ́, èyí tó gùn tó ní ìtàn ìdílé yín nínú kì í ṣe nǹkan tí HR ń kà.

Tẹ́ ò bá gbà, ẹ gba ẹ̀dà, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ẹ má kàn pa á mọ́ fún ẹnì kejì pé ẹnì kan ti wò yín tẹ́lẹ̀.

Ta lẹ máa sọ fún

Oṣù January ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó gba ipò òfin wèrè ọdún 1958. Òfin tuntun yìí sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí, pé ó yẹ kí wọ́n gba àṣẹ yín lórí ìtọ́jú, wọn ò sì gbọdọ̀ fi àìsàn ọpọlọ yà yín sọ́tọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni òfin tó ń dáàbò bo dátà náà jáde. Ẹnu òfin dáa, àmọ́ ẹ má gbé ripọ́ọ̀tù sórí WhatsApp ẹbí. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó máa ràn yín lọ́wọ́ ti tó.

Wọ́n máa ní kẹ́ẹ gba ààwẹ̀, kẹ́ẹ lọ bá ààfáà, kẹ́ẹ lọ bá babaláwo. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbàdúrà, àwọn dókítà fúnra wọn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ mọ́ṣáláṣí. Àmọ́ ẹni tó bá ní kẹ́ẹ dá oògùn dúró, tàbí tó fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀nì de èèyàn, tàbí tó ní kó má jẹun, ẹ gbé èèyàn yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà lókè òkun

Ní England, ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín, lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ sì lè lo ohun tí wọ́n ń pè ní Right to Choose láti mú ibòmíì tó ní àdéhùn pẹ̀lú NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, tí ìlà ibẹ̀ bá gùn jù, England nìkan ló ní i o, kò dé Scotland tàbí Wales. Fọ́ọ̀mù ìgbà èwe tí wọ́n máa fún yín, ìyá yín tó wà nílé ló máa ràn yín kún un, ẹ pè é, ẹ bi í ní Yorùbá bó ṣe máa ń sọ ọ́, "ọmọ tí kì í gbọ́ràn", "ọmọ tí ọkàn ẹ̀ kì í sí nílé", kẹ́ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ gan-an kẹ́ẹ tó túmọ̀ ẹ̀. NHS máa ń pèsè ògbufọ̀ fún òbí tó bá fẹ́ sọ Yorùbá. Ní Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ ọmọ iléèwé ìjọba, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò fún un, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ òfin IDEA, òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, láti ọjọ́ tẹ́ẹ bá fọwọ́ sí i wọ́n ní ọjọ́ 60 láti parí ẹ̀ àfi tí ìpínlẹ̀ yín bá ní gbèdéke tiẹ̀. Ohun tẹ́ẹ sọ lẹ́nu lásán ní PTA ò ka ọjọ́ kankan.

Tí ripọ́ọ̀tù bá ti wọlé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí email ara yín, kẹ́ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì ọsibítù síbì kan, torí fáìlì máa ń sọnù níbi tí wọ́n ń tò wọ́n sí. Ti ọmọdé máa ń gbó, máàkì ọmọ ọdún méje ò ní wúlò mọ́ tó bá fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, torí náà ẹ bèèrè kẹ́ẹ tó jáde pé ìgbà wo ló yẹ ká tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀.